Owó-orí Wa Gbọ́dọ̀ Dé Kíláàsì

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ní Mushin àti Agége, ẹ̀yin awakọ̀ Ọ̀ṣòdì, ẹ̀yin oníṣẹ́-ọwọ́ Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ń jí kí àkùkọ tó kọ kí ẹ lè tètè wọ ọkọ̀, ẹ̀yin onílé tí ìwé owó-orí ilé tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge ń wọlé tọ̀ lọ́dọọdún, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń sọ pé ẹ kì í san owó-orí, pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń san án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ra káàdì sórí fóònù, ẹ ti san án. Bí ẹ bá ra ọṣẹ ìfọṣọ, ike ìpọnmi tàbí páànù ìkọ́lé, owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT ti wà nínú iye tí ẹ kà sílẹ̀, náírà méje ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó VAT lọ tí wọ́n ń pín fún àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kò tíì ka owó ìsọ̀, owó ìwé-àṣẹ, owó ìdọ̀tí àti owó-orí tí wọ́n ń yọ nínú owó-oṣù kó tó dé ọwọ́ yín.

Èló nínú owó yẹn ló ń dé ilé-ìwé ìjọba tó wà ní àdúgbò wa? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo wa lọ béèrè nìyẹn, kí a sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ohun tó ń débẹ̀ kéré púpọ̀. Ó yẹ kó pọ̀ sí i, kó sì jẹ́ láti inú owó-orí wa, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní í retí kí a wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìwé ìkọ̀wé tí àwòrán olóṣèlú wà lára èèpo rẹ̀ kò lè rọ́pò kíláàsì.

Ẹ bá mi wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní àdúgbò tí èrò pọ̀ sí, ní Àlímọ̀ṣọ́, ní Agége, tàbí ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn. Ọgbà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ilé-ìwé méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀ àti aago tirẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ sọ pé ọmọ 35 ni kí olùkọ́ kan máa kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 40 ní girama. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ọmọ méjì. Àwọn tí kò rí bẹ́ǹṣì wà nílẹ̀, wọ́n fi orúnkún ṣe tábìlì. Ògiri tó wà láàárín kíláàsì kan sí èkejì kò kan òrùlé, nítorí náà bí wọ́n bá ń ka ìsọdipúpọ̀ lápá ọ̀hún, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀kọ́ Yorùbá lápá ìhín. Bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn títí yóò fi dá.

Ẹ wo olùkọ́ náà. Owó ilé ti lé e kúrò láàárín ìlú. Ọ̀tà tàbí Mowé tàbí ìsàlẹ̀ Ìkòròdú ló ń gbé, ojú rẹ̀ sì ti rí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kó tó rí ọmọ kankan láàárọ̀. Òun ló ń fi owó ara rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì àti bébà. Bí ó bá fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ìwé tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni yóò yẹ̀ wò, nítorí náà kì í fún wọn ní púpọ̀. A ń bú u pé kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa gba ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún méje sínú yàrá kan fún wákàtí márùn-ún, kó kọ́ wọn ní ìwé kíkà, kó wá sọ fún mi bó ṣe lọ.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wọ̀nyí, omi kò sí, ilẹ̀kùn kò sí, àwọn ọmọbìnrin tó ti bàlágà ní girama ìsàlẹ̀ sì máa ń fi ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá dé jókòó sílé. Fẹ́ǹsì kò yí ọgbà ká, ọlọ́dẹ kò sí lóru, nítorí náà àwọn ohun tí ìjọba bá tilẹ̀ rà, fáànù, wáyà iná, kọ̀ǹpútà, a máa pòórá. Àwọn oníṣòwò a gba ojú géètì, àwọn ọmọ ìta a gba ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹni tó bá sọ pé ilé-ìwé abúlé náà ní ìṣòro tiẹ̀ kò parọ́. Ṣùgbọ́n èrò ojoojúmọ́ ló ń wọ ìlú ńlá, ọmọ wọn sì ń tẹ̀lé wọn. Ilẹ̀ kò sí mọ́, nítorí náà ilé-ìwé tí a bá fẹ́ kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìpìlẹ̀ tó lágbára lórí ilẹ̀ àbàtà. Owó tó kọ́ kíláàsì mẹ́fà ní ìgbèríko lè má kọ́ mẹ́ta ní Ajégúnlẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé níbo ni a ti gbọ́ ọ rí pé kí aráàlú máa fi owó-orí gbé ilé-ìwé ró bẹ́ẹ̀. A ti gbọ́ ọ rí. Àwọn òbí wa àgbà ló ṣe é. Ní oṣù keje, 1952, Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá kan síwájú ilé aṣòfin ní Ìbàdàn pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí olúkúlùkù tó ń san owó-orí fi ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà kún un fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ó ká àwọn èèyàn lára gidigidi. Àgbẹ̀ tó ń fi ọmọ rẹ̀ ro oko kòkó kò rí ìdí tí òun yóò fi sanwó kí wọ́n lè gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun. Àwọn alátakò fi ọ̀rọ̀ owó yìí polongo ìbò láti ìlú dé ìlú, nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ sì dé ní 1954, Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, fìdí rẹmi nílé ara wọn. Ẹgbẹ́ alátakò, NCNC, ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú àga Ìwọ̀-Oòrùn.

Ìgbà yẹn ni ìbá rọrùn láti pa ọ̀rọ̀ náà tì. Wọn kò pa á tì. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ 456,600 ló wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún tó ṣáájú. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Àwọn kíláàsì kún àkúnya, olùkọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀, èsì ìdánwò sì kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Àléébù yẹn wà, àwọn tó ṣe é kò sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di ìparí àwọn ọdún 1950, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń ná lọ tó ń bá ẹ̀kọ́ lọ. Àwọn tó bínú ní 1954 rí ọmọ aládùúgbò wọn tó ń ka lẹ́tà fún gbogbo agbolé. Ní 1956 wọ́n dìbò padà fún ìjọba tó gba ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé Yorùbá kì í ṣe ẹni tó kórìíra owó-orí. A kórìíra owó-orí tí a kò rí ojú rẹ̀. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ̀mí sì ṣòfò, nítorí pé owó-orí ń ga, kòkó kò lówó lórí, ọ̀nà abúlé sì ti bàjẹ́. Ilẹ̀ kan náà ni, kò ju ọdún mẹ́rìnlá lọ láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì.

Èkó náà ní ìtàn tirẹ̀. Kí Lateef Jakande tó di gómìnà ní oṣù kẹwàá 1979, àwọn ọmọ Èkó ń lọ sílé-ìwé ní ìpele-ìpele, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, nítorí pé kíláàsì kò tó. Jakande fòpin sí i. Ó kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kíláàsì láàárín àkókò díẹ̀, ilé gbọọrọ tí kò ní ẹwà, tí àwọn alátakò rẹ̀ ń pè ní ilé adìẹ. Àwọn tó jókòó nínú ilé adìẹ yẹn ti di dókítà, adájọ́, ọ̀gá ní báńkì. Inú mi kò dùn pé ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ilé kan náà ni àwọn ọmọ òní ṣì ń lò, nígbà tí Èkó ti di ìlú ọlọ́pọ̀ mílíọ̀nù lé lórí ti ìgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí owó wà báyìí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ béèrè gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń béèrè.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, UBE, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004, sọ pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ìparí girama ìsàlẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba. Ó tilẹ̀ fi ìjìyà sí i: ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ òbí fún un lè san ìtanràn ₦10,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin kan náà ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún un, ó sì fi sábẹ́ àjọ UBEC. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ nínú owó ìkọ́lé àti ohun èlò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà sílẹ̀ láti inú àpò tirẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dunni. Láti ọdún dé ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà jókòó sí UBEC nítorí pé wọn kò gbé ìpín tiwọn sílẹ̀. Owó wà, ọmọ wà nílẹ̀, àmọ́ gómìnà kò bu ọwọ́ lùwé.

Ohun kejì tí àwa ará ìlú ńlá gbọ́dọ̀ mọ̀: ọgbọọgba ni wọ́n ń pín owó UBEC yìí fún ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì àti Àbújá. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ kò pọ̀ níbẹ̀ ń gba iye tí Èkó ń gbà. Bí a bá pín in lórí iye ọmọ, ìpín ọmọ ìpínlẹ̀ tí ọmọ pọ̀ sí, bíi ti ọmọ Mushin, ló ń kéré. Nítorí náà, bí Èkó bá tilẹ̀ gba gbogbo ìpín rẹ̀ láti Àbújá, ilé-ìwé Èkó kò lè dìde bí kò ṣe láti inú owó tí Èkó fúnra rẹ̀ pa.

Èkó sì ń pa owó. Ní 2023, owó tí ìpínlẹ̀ náà pa lábẹ́lé lé ní ₦800 bílíọ̀nù, kò sí ìpínlẹ̀ mìíràn tó sún mọ́ ọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, 2023, owó tí gbogbo ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà láti Àbújá lóṣooṣù ti ga gan-an. Gbogbo wa la san ìyàtọ̀ yẹn, nínú owó ọkọ̀, nínú owó gàrí, nínú epo jẹnẹrétọ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì Èkó fún 2025 lé ní ₦3 tírílíọ̀nù. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ní 2015, ní ìlú Incheon ní South Korea, àwọn orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà pẹ̀lú, fẹnu kò pé ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba bá ń ná ló yẹ kó lọ sí ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń kọ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sí ẹ̀kọ́ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó sì fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí lọ́dún kan, ní 2019. Mo mọ̀ pé ohun tí a kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì àti ohun tó jáde kúrò ní báńkì kì í dọ́gba. Síbẹ̀, bí Ìbàdàn bá lè kọ ọ́, Èkó tó lówó jù ú lọ kò ní àwáwí.

Nǹkan mìíràn tún wà tí èèyàn púpọ̀ kò mọ̀. Ní 1993 ni àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó-orí ẹ̀kọ́ nílẹ̀ yìí, àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ló sì ń jẹ nínú rẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú yunifásítì. Ní 2011 wọ́n yí òfin náà padà, ó di TETFund, gbogbo owó náà sì bọ́ sọ́wọ́ yunifásítì, pólí àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni-níṣẹ́-olùkọ́. Èmi kò bá yunifásítì jà. Àmọ́ ọmọ tí kò mọ̀wé kà ní kíláàsì kẹrin kò ní í dé ẹnu géètì yunifásítì láéláé, àwọn aṣòfin tó kọ òfin yẹn sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni àwa òbí ṣe nígbà tí ilé-ìwé ìjọba ń jó rẹ̀yìn? A sá. Nígbà tí ìjọba Èkó ka àwọn ilé-ìwé aládàáni ní nǹkan bí 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000, àwọn ọmọ inú wọn sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ má rò pé àwọn olówó ló kún ibẹ̀. Ìyá tó ń ta ata, bàbá tó ń gun ọ̀kadà, àwọn náà ń sanwó ilé-ìwé lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ nínú yàrá méjì tí wọ́n kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà sí lára. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni tó bá rí kíláàsì ọlọ́gọ́rùn-ún yóò wá ọ̀nà àbáyọ fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyẹn. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé gbígbé ni, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà lókè rẹ̀. Èèyàn 20 ló kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn òbí wọ̀nyẹn ti san owó-orí ná kí wọ́n tó tún san owó ilé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sanwó fún ohun tí òfin sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ilé-ìwé olówó ńlá ní Ìkẹjà tàbí Lẹkí, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ fún yín, tí yóò fún yín lábẹ́rẹ́ ní ọsibítù, tí yóò ṣe wáyà iná ilé yín, ọmọ kíláàsì ọlọ́gọ́rùn-ún yẹn ni. Owó-orí yín sì tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí náà ohùn yín yóò dé ibi tí ohùn ìyá aláta kò dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé e.

Mo ti gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ: bí a bá fún wọn lówó sí i, wọn yóò jẹ ẹ́. Ẹ̀rù yìí tọ́, ẹni tó bá pè é ní àròsọ kò gbé Nàìjíríà. A ti rí kíláàsì tí wọ́n gba owó rẹ̀ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jáde nílẹ̀. A ti rí àga tí ó ya kó tó pé tẹ́ẹ̀mù kan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn olè kò fìgbà kankan jìyà àìsí owó ní ilé-ìwé. Ọmọ wọn kò sí níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè pa pọ̀ mọ́ owó ni ojú tí yóò máa ṣọ́ ọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ní ẹnu géètì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá, iye tí ìjọba fi ránṣẹ́ ní tẹ́ẹ̀mù yìí, iye tí wọ́n fi ra àga, orúkọ kọngílá tó ń kọ́lé, àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀. Ìyá ọlọ́jà tó mọ iye tí pákó àti sìmẹ́ńtì jẹ́ kò nílò ọ̀mọ̀wé kankan láti sọ fún un bóyá wọ́n ti jalè.

Àwọn mìíràn ní àwọn olùkọ́ ni ìṣòro. Olùkọ́ tí kì í wá síṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ, kí a fi ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Ṣùgbọ́n pípín kíláàsì ọlọ́gọ́rùn-ún sí mẹ́ta ń béèrè olùkọ́ méjì sí i àti yàrá méjì sí i, kò sì sí ìbáwí tó lè bí wọn. Owó ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, owó ló ń kọ́ wọn níṣẹ́, owó ló sì ń mú kí ọ̀dọ́ tó mọ ìṣirò dúró ní kíláàsì dípò kó sá lọ sí báńkì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dìde. Ìgbà tí gómìnà bá ń múra bọ́jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejìlá, ni ọ̀rọ̀ wa yóò ta létí wọn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, a kàn ń kùn lásán ni. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA, kọ̀ọ̀kan fi ìpàdé kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé-ìwé nìkan. Kí wọ́n lọ sí ilé-ìwé ìjọba tó wà ní sàkáání wọn, kí wọ́n ka àwọn ọmọ, ka àga, ka olùkọ́, ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé, SBMC, tí àwọn ará àdúgbò wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ àwọn tó wà ní tiyín. Bí ó bá jẹ́ orí ìwé nìkan ló wà, ẹ gba àga yín níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá alága káńsù yín. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù keje, 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Inú owó yẹn ni owó-oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń jáde, ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT sì ti ké gbàjarè kí wọ́n má baà tún jẹ wọ́n lówó-oṣù bíi ti ìgbà kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alága náà, níwájú èèyàn, bí owó olùkọ́ yóò ṣe máa jáde àti ohun tó kù tí yóò fi tún kíláàsì ṣe.

Ní ti ìpínlẹ̀, ohun tí a ó béèrè rọrùn láti rántí. Kí ìpín ẹ̀kọ́ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán, kí ó sì máa gòkè sí 20. Kí gómìnà gbé ìpín tirẹ̀ fún UBEC sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún. Kí owó ìnáwó kékeré, ti ṣọ́ọ̀kì, omi, ọlọ́dẹ àti àtúnṣe òrùlé, máa lọ tààrà sí ilé-ìwé lórí iye ọmọ tó wà níbẹ̀, kí ọ̀gá ilé-ìwé má baà tún máa fi ọgbọ́n gba owó lọ́wọ́ òbí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí, tí ẹ ń ra ẹ̀bùn fún ilé-ìwé yín látìgbà dé ìgbà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ fi ohùn yín kún tiwa. Kànga kan tí ẹ gbẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Bí ọ́fíìsì kankan bá kọ̀ láti sọ iye tó gbà àti iye tó ná, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn lẹ́tà yín. Ní oṣù kẹrin, 2025, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tún là á mọ́lẹ̀ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ẹ kò nílò lọ́yà láti kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ girama kan nínú ilé yín lè kọ ọ́, kí CDA fi òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n bu ọwọ́ lù pé àwọn rí i. Bí lẹ́tà kan bá lọ láti Agége, wọn lè sọ ọ́ nù. Bí ọgọ́rùn-ún bá lọ láti àdúgbò ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ náà yóò dé orí rédíò kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ní ọjọ́ tí ilé aṣòfin bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́, ní Aláùsá, ní Agodi, kí àwọn ìyá ọlọ́jà fi èèyàn ránṣẹ́ láti ọjà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn awakọ̀ fi èèyàn ránṣẹ́ láti gáréèjì, kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí fi èèyàn ránṣẹ́. Kí a jókòó jẹ́ẹ́, kí a gbé ìwé tí a kọ sílẹ̀ dání, kí àwọn aṣòfin rí i pé àwọn tó ni owó wà nínú yàrá náà. Ẹ wá orúkọ àti nọ́ńbà ọlọ́lá tó ń ṣojú àdúgbò yín lálẹ́ òní. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè lọ́wọ́ alága CDA yín kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, kí ẹ sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni yóò ṣáájú nínú ìpàdé tó ń bọ̀.